Mú Èyí Tó Tọ̀nà: Ibo Ló Ti Wá?

Àwọn ọmọ wa kan kọjá ààlà lọ kàwé ní Nàìjíríà. Ẹ wo ìwé ìdánwò wọn: ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin, A, B, C àti D. Ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dán wọn wò nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti nínú ìṣirò áljẹ́brà. Ibo ni àṣà yìí ti wá?

Amẹ́ríkà ni. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Frederick Kelly, ní ìpínlẹ̀ Kansas, rí i pé bí tíṣà méjì bá wo iṣẹ́ ọmọ kan náà, máàkì wọn kì í bára mu. Ní 1915 ó gbé ìdánwò ìwé kíkà jáde, tí ọmọ yóò kàn fi àmì sí ìdáhùn tó tọ̀nà.

Ní 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun. Ọmọ ogun pọ̀, àkókò kò sí. Wọ́n fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dán èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn wò. Àwọn tí kò mọ̀wé kà, àwòrán ni wọ́n fi dán tiwọn wò. Ní 1926 ó di ìdánwò ìwọlé yunifásítì níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, irú ìbéèrè yìí náà ló sì ń lò.

Ẹ rí i pé nítorí kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ẹni tó kàn ń nawọ́ mú ìdáhùn láìrònú lè gba bíi 5 nínú 20. Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀.

Ẹ wo èyí: x − 3 = 5. Kí ni x? A: 2. B: 5. C: 8. D: 15. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni áljẹ́brà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dá ohun tó yẹ̀ padà sípò. Ẹ dá 3 tí wọ́n yọ padà: 5 àti 3 di 8. C ni. Ẹni tó sáré mú A tún yọ 3 lẹ́ẹ̀kejì ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá tiyín. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ọwọ́ wò ó.