Ta Ló Kọ́ Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Ìwé Wa Ṣe?

Lórí ilẹ̀ Àwórì ní Amuwo-Odofin ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́ ìlú kan sí fún àlejò àjọ̀dún kan. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni àjọ̀dún àgbáyé fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, FESTAC '77, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó; ọjọ́ 12 oṣù kejì ló parí. Àlejò tó wá lé ní 15,000. Nígbà tí ìlù dákẹ́, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà, wọ́n pín wọn fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti aráàlú, bẹ́ẹ̀ ni Festac Town ṣe di ìlú. Orin àti ijó ni ọ̀pọ̀ ń rántí nínú àjọ̀dún yẹn, ṣùgbọ́n àpérò ńlá kan wáyé níbẹ̀ lórí ọ̀làjú àwọn aláwọ̀ dúdú àti ètò ẹ̀kọ́, èdè ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbé yẹ̀wò.

Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, wọ́n ṣe àfihàn kọ̀ǹpútà Apple II ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ, TRS-80 jáde. Commodore náà gbé PET tirẹ̀ sọ́jà. Látọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ni kọ̀ǹpútà ti di ohun tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lè gbé ka orí tábìlì nílé. Ẹni tó bá jókòó ní Festac lónìí, tó ń wá ètò tí yóò máa yẹ gírámà wò fún un lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìtàn méjèèjì ló pàdé lórí tábìlì rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe èló ni wọ́n ń tà á. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ náà, ìwé ta ni wọ́n sì fi kọ́ ọ?

Kí ẹ̀rọ tó dé, ènìyàn ló ń jókòó ti ìwé. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ti gírámà sì tẹ̀lé e ní 1852. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS pe ìpàdé ní Èkó kí àwọn tó ń kọ Yorùbá lè fẹnu kò lórí sípẹ́lì kan. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. “Aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”, “nwọn” di “wọ́n”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún bá wọn pàdé.

Nígbà tí Festac ṣì jẹ́ ìlú tuntun, ọwọ́ àwọn atẹ̀wé ni iṣẹ́ yìí wà. Ènìyàn á gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, atẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́, á sì tún gírámà rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, bírò ni wọ́n máa fi ń to àmì sábẹ́ ẹ àti ọ nígbà tí ìwé bá jáde tán, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kò ní in. Mi ò rí ẹni tó kọ ìtàn àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí, ó sì yẹ kí ẹnìkan kọ ọ́.

Ní ti ẹ̀rọ, 1961 ni Les Earnest ní MIT kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 10,000 sínú kọ̀ǹpútà, kí ètò tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ lè mọ ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní 1971, Ralph Gorin ní Stanford kọ SPELL, tó tún ń dábàá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí tí a ṣì kọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìnáwó pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tó bá wà níbẹ̀ á wọlé, èyí tí kò sí níbẹ̀ á dúró síta. Kò kàn án bóyá ẹni tó wọlé lọ jókòó sórí àga ẹlòmíì. Ẹni tó kọ “Bàbá ra ọkọ” nígbà tó fẹ́ kọ “Bàbá ra ọkọ̀” á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni méjèèjì.

Kí ẹ̀rọ tó lè mọ àga tó tọ́ sí kálukú, ó gbọ́dọ̀ mọ gbólóhùn. Ní Bell Labs, Lorinda Cherry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àwọn ètò tó di Writer's Workbench, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà oní-Unix ni ìyẹn ń gbé, kò sí fún mẹ̀kúnnù. Ní 1981, Aspen Software ní ìlú Albuquerque gbé Grammatik jáde fún TRS-80, èyí tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú Festac. Òun ni wọ́n kà sí ètò gírámà àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà ara ẹni. Kò mọ gírámà tó bẹ́ẹ̀. Àpólà ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà kà sí àṣìlò ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, ó sì ń wá wọn kiri nínú ìwé oníwèé. Àwọn George Heidorn àti Karen Jensen ní IBM ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ètò tó ń tú gbólóhùn palẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Microsoft, èso iṣẹ́ wọn sì hàn nínú Word 97: ilà pupa tó ń fi àṣìkọ hàn ti wà láti Word 95, ilà aláwọ̀ ewé wá kún un fún gírámà.

Word yìí ló bá ọ̀pọ̀ ilé ní Festac àti Amuwo. Kò sí ẹni tó yàn án. Orí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti òkè òkun wá ló wà, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tí ẹni tó kọ́kọ́ ni í fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ní “colour” rí ilà pupa lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, pupa. Ó tẹ Ìkòròdú, pupa. Ó dùn mí títí di òní pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti ara ẹ̀rọ yìí kọ́ pé orúkọ àwọn jẹ́ àṣìṣe.

Lẹ́yìn 2000 ni kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì gba ìlú. Festac gbajúmọ̀ fún un, ó sì gba orúkọ burúkú pẹ̀lú, torí àwọn oníjìbìtì tó ń fi íméèlì wá ẹni tí wọ́n máa lù ní jìbìtì lókè òkun. Ní 2012, Cormac Herley, olùwádìí ní Microsoft, ṣàlàyé pé ìtàn tí kò ṣeé gbà gbọ́ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ṣe oníjìbìtì láǹfààní: ẹni tó lóye á dákẹ́, ẹni tó rọrùn láti tàn nìkan ló máa fèsì. Ohun tí orúkọ burúkú yìí dá sílẹ̀ fún ọmọlúàbí tó ń wá iṣẹ́ láti Festac wúwo. Àṣìkọ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà rẹ̀, wọ́n lè kà á mọ́ olè. Nítorí náà ni mi ò fi lè gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ètò gírámà wà fún ọ̀lẹ.

Àmọ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wa tiẹ̀ dán, ìyọnu mìíràn dé. ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé fúnra rẹ̀, jáde ní oṣù kọkànlá 2022. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Stanford fi hàn pé àwọn ètò tó ń sọ pé àwọn mọ ìwé tí ẹ̀rọ kọ fẹ̀sùn kan èyí tó lé ní ìdajì àròkọ TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, gbajúmọ̀ olùdókòwò ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọ̀rọ̀ “delve” nínú lẹ́tà kan jẹ́ àmì iṣẹ́ ChatGPT, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì fara ya, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò láti ilé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n jàre.

Ní ti Yorùbá fúnra rẹ̀, àwa la ni iṣẹ́ náà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè, ṣùgbọ́n nígbà tí àmì ohùn bá gorí ẹ, àmì méjì ló so pọ̀, wọ́n sì lè tò ó lónírúurú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ojú rí bí ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹ̀rọ. Túndé Adégbọlá, tó dá Alt-i, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Áfíríkà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2012, òun àti Lydia Odilinye ṣe ìwádìí lórí bí ìwé tí a fi kọ́ ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa. Iroro Orife gbé ètò tirẹ̀ tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ jáde ní 2018. Ní 2020, òun, David Adelani, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú Yorùbá òde òní, nítorí ẹ̀rọ tí ìwé ẹ̀sìn pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ máa ń ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ibí yìí ni “aiye” àti “enia” ti padà wá: ẹ̀rọ tí a fi Bíbélì àtijọ́ nìkan kọ́ á gbà wọ́n, á sì fa ilà sábẹ́ “ayé”.

Báwo wá ni kí ènìyàn ṣe yàn? Grammarly, tí àwọn ọmọ Ukraine mẹ́ta dá sílẹ̀ ní 2009, mọ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n dátà ló ń jẹ, ìwé yín sì ń rìn dé ẹ̀rọ wọn lókè òkun. Agbẹjọ́rò tó di ìwé oníbàárà mú gbọ́dọ̀ ronú sí ìyẹn. Nínú oríṣi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí a yàn, mo rí ti Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn àti ti Íńdíà, n kò rí tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gba “okada”, “danfo” àti “mama put” wọlé láti oṣù kìíní 2020. LanguageTool, tó ti inú iṣẹ́ àṣejáde Daniel Naber ní Jámánì jáde ní 2003, ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà tiyín, pa pọ̀ mọ́ LibreOffice, láìsan kọ́bọ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òun ni mo máa kọ́kọ́ fi lé ọmọ LASU tó ń kọ pùrójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Kò gbọ́ Yorùbá.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ yí i kúrò lórí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà bí ti Bírítéènì bá ni olùkọ́ tàbí ọ̀gá yín ń fẹ́. Ẹ wá lẹ lẹ́tà kan tí ẹ ti kọ rí mọ́ ọn, èyí tí orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti ọ̀rọ̀ bíi “next tomorrow” wà nínú rẹ̀. Ẹ ka àlàyé tó ṣe lábẹ́ ilà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń sọ ìdí tó fi bá yín wí, tó sì gbà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kún ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ mú un. Èyí tó kàn ń yí gbólóhùn yín padà láìwí nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín.