Ọjọ́ Kan fún Òkúta Alston

Ká mú òkúta kan ṣe àpẹẹrẹ, ká tẹ̀lé e láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àlùmọ́nì mọ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Káàdì tó bá a wá ti gbó: “Witherite, Brownley Hill, Alston.” Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Alston wà, ibi tí wọ́n ti wa òjé títí. Àlùmọ́nì witherite kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Láti 1784 ni oníṣègùn William Withering ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu káàdì kọ́ la ó gbọ́.

Aago mẹ́sàn-án. Lábẹ́ awò, kírísítálì funfun ni, ó ní ìhà mẹ́fà, orí àti ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ẹ̀tàn ni ìhà mẹ́fà yẹn: kírísítálì mélòó kan ló wọnú ara wọn. Bí witherite ṣe máa ń rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni alstonite, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Aago mẹ́wàá. Ásíìdì tí wọ́n fi omi là kán sí i, ó hó: kábọ́nétì ni. Wọ́n fi èérún rẹ̀ sínú iná, iná náà di àwọ̀ ewé: báríọ̀mù wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní in, nítorí náà a kò tíì kúrò lójú kan.

Aago mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Èérún tó mọ́ wọn gíráàmù 0.74 lórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín gbé e kọ́ sínú omi, ó wọn 0.54. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.20, pín 0.74 sí i, 3.7 ló jáde: iye ìlọ́po omi tí òkúta náà wúwo tó nìyẹn. Witherite ìbá fún wa ní 4.3. Káàdì ti purọ́.

Aago méjìlá. Ọwọ́ fífọ̀ kó tó kan oúnjẹ, níta sì ni. Májèlé ni báríọ̀mù inú àwọn òkúta wọ̀nyí; láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi witherite pa eku.

Aago méjì ọ̀sán. Wọ́n lọ ìwọ̀nba díẹ̀ kúnná, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ẹ́sírè. Ó pọn dandan, nítorí alstonite, barytocalcite àti paralstonite ní èròjà kan náà, báríọ̀mù àti kálíṣíọ̀mù pẹ̀lú kábọ́nétì. Bí átọ́ọ̀mù wọn ṣe tò nìkan ló yàtọ̀, ẹ́sírè ló sì ń rí ìyẹn.

Aago mẹ́rin. Alstonite ni.

Aago márùn-ún. Wọ́n kọ káàdì tuntun: orúkọ, BaCa(CO₃)₂, Brownley Hill. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó òkúta jọ, ẹ má sọ káàdì àtijọ́ nù o, bó tilẹ̀ ṣi orúkọ pè. Òun nìkan ló sọ ibi tí wọ́n ti wà á jáde.