Orúkọ Lokoja àti Àmì Ohùn

Àlejò tí ó bá ka Gadumo lórí àwòrán ilẹ̀ Lokoja kò lè mọ bí a ti ń pè é. Lẹ́tà mẹ́fà ni, àmì ohùn kò sí níbẹ̀. Orúkọ ìlú náà gan-an ni ó tilẹ̀ fa àríyànjiyàn jù. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ kan a máa tú u sí ‘irókò já’, igi tí ó já lulẹ̀. Àwọn mìíràn ní èdè Haúsá ni, ‘loko ja’, irókò pupa. Ìwé lásán kò lè là wọ́n, nítorí j àti a kan náà ni ìhà méjèèjì ń kọ.

Irinṣẹ́ ti wà tipẹ́. Samuel Àjàyí Crowther, tí ó bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé ní 1841, tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1852 pẹ̀lú àmì ohùn. Bí a bá mú àmì wọ̀nyí kúrò, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ológun di ọ̀kan. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò méfò. Ọmọ Ígálà tàbí Tápà tí ó jókòó tì í ní kíláàsì kò rí ohun tí yóò fi méfò.