Ẹ́ńjìnnì Ìdùbúlẹ̀ (Speedway)

Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ìdíje speedway tí sìlíńdà rẹ̀ sùn síwájú lórí férémù. Láti ìgbà ẹ́ńjìnnì JAP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé Weslake tí Peter Collins fi gba ife àgbáyé ní 1976, òòró ni sìlíńdà máa ń wà. Ní àwọn ọdún 1990 ni GM ti Ítálì àti Jawa ti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì wá sún mọ́lẹ̀, ó sì rọrùn láti darí ọ̀kadà nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ ní kọ́nà. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré o, torí ọ̀kadà speedway kò ní bíréèkì rárá, jíà kan ṣoṣo ló ní. Ìyókù kò yí padà: 500cc, sìlíńdà kan, mẹtánọ́ọ̀lù dípò pẹtiróòlù. Mẹkáníìkì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Kàdúná, tó ti tú Honda C70 rí, sìlíńdà tó sùn kò ní yà á lẹ́nu. Sìlíńdà C70 ti sùn tipẹ́, kí Bajaj Boxer olóòró tó gba ọwọ́ àwọn ọlọ́kadà. Lónìí, ìdíje àwọn alùpùpù àtijọ́ ni a ti sábà ń rí ẹ́ńjìnnì olóòró speedway.