Ìwé Ìhágún àti Ètò Ogún ní Gúúsù Èkìtì

Ìwé ìhágún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wíìlì, ni ìwé tí ènìyàn fi ń sọ, nígbà tó ṣì wà láàyè, àwọn tí dúkìá rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ àti àwọn tí yóò bójú tó pípín rẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, oko kòkó, ilé, ṣọ́ọ̀bù ọjà àti owó ìfẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú ohun tí òkú ń fi sílẹ̀. Òfin mẹ́ta ló sì lè dé sórí ogún kan ṣoṣo: àṣà ìbílẹ̀, òfin ìjọba, àti ìlànà ẹ̀sìn bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí.

Bí ọkùnrin olórogún bá kú láì sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún rẹ̀, ìdí-igi ni àṣà Yorùbá: ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á mú ìpín kan. Ọ̀nà kejì ni orí-òjorí, níbi tí ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan ti dọ́gba. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Emùré fi éékà kòkó méjìlá sílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ márùn-ún fún un, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, ọmọ kan ṣoṣo yẹn gba éékà mẹ́fà, àwọn márùn-ún tó kù yóò sì jọ pín mẹ́fà. Bó bá jẹ́ orí-òjorí ni, éékà méjì-méjì ló kan olúkúlùkù.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Suberu Dáwódù kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n lo orí-òjorí, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, Privy Council, ìyẹn ilé-ẹjọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, sì fọwọ́ sí ìyípadà yìí ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-òjorí bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí pípín.

Opó ni àṣà yìí ká mọ́ jù. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti ń wá. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún èyí sọ ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi àti Akinnubi. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba wà ní ipò mìíràn: òfin tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959 fún un ní ìpín bí ọkọ bá kú láìní ìwé ìhágún. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n fi ìdána nìkan gbé níyàwó, tó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù, tó sì bá a ṣa kòkó fún ogún ọdún, lè rí i pé orúkọ òun kò sí níbì kankan. Ìwé ìhágún ni ọkọ lè fi dáàbò bò ó. Ó sì tún dára kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìwé ilẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Ìhágún tirẹ̀ ní 1958. Ìpínlẹ̀ Òndó jogún rẹ̀ ní 1976, ó sì wọ Èkìtì nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1996. Òfin yìí gba ènìyàn láàyè láti fi dúkìá rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú, àmọ́ kò gbọdọ̀ tako àṣà tó de dúkìá náà. Lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú òfin Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́ ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dúró ní 1991, nínú ẹjọ́ Idehen: ilé tí bàbá ará Bìní gbé tó sì kú sí, tí àṣà ti yà sọ́tọ̀ fún àkọ́bí ọkùnrin, bàbá kò lè fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Láti 1931, nínú ẹjọ́ Ogunmefun, ni ilé-ẹjọ́ sì ti sọ pé ènìyàn kò lè há ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí tí wọn kò tíì pín. Nítorí náà, àgbẹ̀ Ìsẹ̀ tó gbin kòkó sórí ilẹ̀ ẹbí ní láti ya igi tó gbìn sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tó gbìn ín sí.

Ìlànà ṣíṣe ìwé ìhágún kò le. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹni tó ni ín á buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á. Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀bùn náà yóò ṣòfò. Ẹni tó bá tún ṣègbéyàwó ní kóòtù lẹ́yìn tó ti kọ ìwé náà ní láti kọ òmíràn, nítorí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́; ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í pa á rẹ́.

Wọ́n lè fi ìwé náà pamọ́ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ikú, ibẹ̀ náà ni àwọn tí olóògbé yàn láti mú un ṣẹ ti ń gba àṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan dúkìá. Bí kò bá sí ìwé, ẹbí ní láti tọrọ ìwé àṣẹ àbójútó ogún, kí báńkì tó tú owó sílẹ̀. Orúkọ tí tíṣà kọ sórí fọ́ọ̀mù báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí wọn yóò ké sí ni. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ tẹ̀lé ẹ̀sìn rẹ̀ kò ní há ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ, ẹni tí Kùránì ti fún ní ìpín kò sì sí lára àwọn tí yóò há a fún.

Kí baálé àti ìyáálé ilé kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ní, kí wọ́n ya ti ẹbí sápá kan àti tiwọn sápá kejì, kí wọ́n sì mú un tọ lọ́yà lọ kí àìsàn tó dé. Títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú ló láṣẹ láti yí i padà.