Ìpalára iṣan nínú eré sísá ọ̀nà jíjìn

Ìpalára iṣan nínú eré sísá ọ̀nà jíjìn ni yíya wẹ́wẹ́ tí àwọn fọ́nrán inú iṣan máa ń ya nígbà tí eléré ìdárayá bá sáré fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pẹ̀lú ìwúlé àti ìrora tí ó máa ń tẹ̀lé e. Ìrora náà kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ó máa ń le jù lọ.

Eré Comrades Marathon ti orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọdún 1921, fi ohun tí ó ń fà á hàn kedere. Nǹkan bí kìlómítà 90 ni ọ̀nà rẹ̀, láàárín Durban tí ó wà létí òkun àti Pietermaritzburg tí ó wà lókè. Bí wọ́n bá gòkè lọ́dún kan, wọ́n sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún kejì. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń ba iṣan jẹ́ jù, bí ó tilẹ̀ rọ èémí lọ́rùn, nítorí pé iṣan iwájú itan ń gùn sí i ní àkókò kan náà tí ó ń fà láti dá ara dúró.

Bí fọ́nrán bá ya, ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní creatine kinase a máa jò sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun a sì lọ kó èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Ìwúlé tí èyí ń mú wá jẹ́ apá kan àtúnṣe. Èròjà interleukin-6 pẹ̀lú máa ń ga gan-an nígbà tí eré bá ń parí lọ. Àmì ìpalára ni wọ́n kà á sí tẹ́lẹ̀, kí Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dẹ́nmárkì tó fi hàn pé iṣan tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń tú u jáde, àti pé ó ń ru àwọn èròjà tí ń pẹ̀tù sí ìwúlé sókè.

Iṣan tí ó ti farapa lẹ́ẹ̀kan kì í farapa tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ kan náà bá tún dé bá a, ààbò náà sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí yóò sá eré ìsọ̀kalẹ̀ ti fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè dánra wò ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye: ó lè ti lọ kí agbára iṣan tó padà tán.

Ọ̀pọ̀ sárésáré a máa lo oògùn ibuprofen. Nínú eré Western States ti California, tí ó jẹ́ kìlómítà 160, David Nieman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé oògùn náà kò dín ìrora iṣan kù, àmì ìwúlé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lò ó sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ó tún lè ni kíndìnrín lára, pàápàá nígbà tí omi bá ti gbẹ lára eléré, tí purotéènì myoglobin láti inú iṣan tí ó ya sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìtọ̀ tí ó bá dúdú bí omi àgbo lẹ́yìn eré jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ní kíákíá.