Kí ló ń jẹ owó iná ilé yín?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, ti fi kún owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní Báńdì A, ariwo pé yúnìtì ń yára tán ló gba ẹnu àwọn èèyàn wa kan. Owó NEPA ni ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN lọ́dún 2005, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ti gba iṣẹ́ pípín iná ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Baálé ilé mìíràn a máa bá ìyàwó àti ọmọ jà nítorí gílóòbù kan tí wọ́n gbàgbé láti pa, bẹ́ẹ̀ gílóòbù kọ́ ni olè tó ń jà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Ara ohun èlò tó ń lo iná ni wọ́n máa ń kọ iye wáàtì rẹ̀ sí, pẹ̀lú lẹ́tà W. Èyí tó bá jẹ́ 1,000 wáàtì, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúnìtì kan ló jẹ. Wáyà tí wọ́n ń rì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi láti fi mú un gbóná lè jẹ yúnìtì kan yìí kí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ tó rántí rẹ̀. Gílóòbù LED oní-10 wáàtì ní tirẹ̀ yóò tàn fún 100 wákàtí, ìyẹn ju ọjọ́ mẹ́rin tọ̀sán-tòru lọ, kó tó jẹ iye kan náà. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń jẹ owó.

Iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan dúró lórí Báńdì tí àdúgbò yín wà. Ọdún 2020 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀: ó kéré tán, Báńdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan ní Báńdì A fò láti N68 sí N225. Ó wá sí N206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì di N209.50 ní oṣù keje ọdún kan náà. Owó orí ọjà, VAT, tún ń gba 7.5% lé e lórí.

Bí a bá fi N209.50 yẹn ṣírò, ẹni tó san N5,000 yóò rí bíi yúnìtì 22 gbà. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ 750 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ lóru ń jẹ yúnìtì 6. Ilẹ̀ òru kẹrin kò ní mọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Fáànù oní-70 wáàtì yóò fi yúnìtì 22 kan náà lo ju oṣù kan lọ. Ẹni tí kò lè ṣe kó má lo amúlétutù, kó fi sí 24 tàbí 25 dípò 16, kó sì máa fọ asẹ́ rẹ̀.

Gílóòbù àtijọ́ aláwọ̀ ìyeyè nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Mẹ́rin oní-60 wáàtì tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ ń jẹ yúnìtì 36 lóṣù. Bí ẹ bá fi LED oní-10 wáàtì rọ́pò wọn, yúnìtì 6 péré ni. Ohun tó kù sápò yín lé ní N6,700.

Ní ti fíríìjì, ẹ ti bébà pẹlẹbẹ kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀, òtútù sì ń jò lọ. Ọbẹ̀ gbígbóná kò yẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ yọ wọ́n lára ògiri, kí ẹ wá wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára mítà. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan ṣì ń jẹ iná yín: ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó so wáyà mọ́ tiyín. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú u, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ayálégbé tuntun gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá gbèsè àtijọ́ wà lórí mítà, nítorí wọ́n lè máa yọ ọ́ nínú owó tó bá fi ra iná. Ẹ ka rìsíìtì yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní mítà ló le jù. Bí wọ́n pa gílóòbù, bí wọn ò pa á, àfojúdá ni bíìlì wọn, nítorí náà mítà ni kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ọdún 2020 ni NERC ti fi gbèdéke lé iye yúnìtì tí ilé-iṣẹ́ apínná lè kọ fún irú wọn lóṣù. Ẹni tí wọ́n bá kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún, kó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, kó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ọ́fíìsì NERC ló kàn, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ níbi tí ìpínlẹ̀ ti gba àkóso lábẹ́ òfin iná ọdún 2023; Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó wà lára wọn.

Àwọn ará Báńdì A náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Àṣẹ oṣù kẹrin ọdún 2024 sọ pé bí iná kò bá pé wákàtí 20 fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já àdúgbò náà sí Báńdì tó kéré. Ẹ máa kọ àsìkò tí wọ́n mú iná wá àti àsìkò tí wọ́n mú un lọ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yín, pẹ̀lú nọ́ńbà mítà.